Ìgbésẹ̀ Méje Lórí Afárá Arnela

Ní gbogbo abúlé wa, Otilia nìkan ló máa ń gba inú odò kọjá nígbà tí afárá wà lókè orí rẹ̀ gbagidi. Afárá òkúta ni, ojú mẹ́rin ni omi ń gbà kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ kí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa tó dáyé, ẹsẹ̀ àwọn onírìn-àjò mímọ́ tó ń lọ sí Santiago sì ti jẹ àárín rẹ̀ wọnú bí ọlọ tí wọ́n ti fi lọ ata fún ìran mẹ́ta. Màlúù ń gbà á. Ẹlẹ́dẹ̀ ń gbà á. Ṣùgbọ́n Otilia oníbúrẹ́dì, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, a gbé apẹ̀rẹ̀ karí láàárọ̀ kùtù, a sọ̀ kalẹ̀ sétí omi, a sì máa tẹ òkúta mọ́kànlélógún tó yọrí nínú odò Arnela lọ́kọ̀ọ̀kan, títí á fi gúnlẹ̀ sí òdìkejì, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì wà, tí àwa tí ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ náà sì wà.

Àwọn àjèjì a máa dúró yà á ní fọ́tò. Wọ́n rò pé àṣà ilẹ̀ wa ni. Àwa tí a mọ ìdí rẹ̀ kì í là á fún wọn, torí pé ìtìjú wa ni.

Ilé mẹ́ta péré ló wà ní apá ti Otilia lódò: ilé ọlọ, ọgbà àgùntàn, àti ilé ààrò ìyá Otilia. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ti ń ru búrẹ́dì kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ dára fún ìyẹ̀fun. Àpòpọ̀ tí ó bá fọwọ́ kàn kì í kọ̀ láti wú, ì báà jẹ́ nígbà òtútù tí omi ń dì nínú garawa. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ a máa sọ pé, "Tília, wá fọwọ́ kan èyí fún mi, ó ń ṣe agídí."

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ọmọkùnrin, wọ́n sì ní kí Otilia wá ṣe ìyá ìsàmì. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò sùn. Lọ́dọ̀ wa, ìyá ìsàmì kì í ṣe ẹni tó kàn gbé ọmọ sọ́wọ́ lọ́jọ́ kan níwájú Fádà. Lọ́dọọdún, ní àárọ̀ Àjíǹde, òun ló gbọ́dọ̀ gbé búrẹ́dì òrùka lọ bá ọmọ ìsàmì rẹ̀, búrẹ́dì dídùn tí wọ́n fi ẹyin àti bọ́tà pò, tí wọ́n yí po bí òṣùká, títí ọjọ́ tí ọmọ náà yóò fi ṣègbéyàwó. Ọmọ tí kò bá rí òrùka gbà lọ́jọ́ náà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe ẹlẹ́yà títí ọdún á fi yípo. Otilia ti pinnu bí tirẹ̀ yóò ṣe tóbi tó: kí ó lè kọ́ ọ sí ọmọ náà lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ọmọ náà kú ní ọjọ́ kọkànlá tí Otilia gbé e gba ìsàmì. Ibà ni. Ọmọ mẹ́rin mìíràn ni ibà yẹn pa lóṣù kan náà ní àwọn abúlé tó yí wa ká, kò sì sí èyí tí Otilia gbé nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹnìkan la ẹnu, ó ní, "Ọwọ́ tó gbóná fún búrẹ́dì, tútù ló tutù fún ọmọ." Títí dòní a kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, kò sì sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìyá ọmọ tó gbé ọmọ lé Otilia lọ́wọ́ mọ́. Ọmọkùnrin kan tó máa ń bá a la igi ààrò tilẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Buenos Aires láìdágbére fún un.

Síbẹ̀, tí Àjíǹde bá dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni gbogbo ìyá ìsàmì abúlé ti ń gba òrùka. Ọgbọ̀n, nígbà mìíràn ogójì. Á béèrè ọmọ wo ló ni èyí, ọmọ wo ló ni tọ̀hún, ẹni tó fẹ́ràn èròjà áńísì nínú búrẹ́dì àti ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Nípasẹ̀ búrẹ́dì, ó mọ gbogbo ọmọ wa. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn, ìyẹn sì ni ohun kan ṣoṣo tí ó ń fẹ́ láyé: kí ẹnìkan wà tí yóò máa pe òun ní ìyá ìsàmì.

Delmira ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n jọ kọ́ kátékísìmù ni, wọ́n jọ ní ìgbóná, wọ́n sì jọ jí èso ṣẹ́rì Don Evaristo onílé ọlọ ká. Delmira fẹ́ Amaro, ọ̀mọ̀lé olókùúta, ẹni tó dára, tó lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ le ju ohun tó ń gbẹ́ lọ. Oyún àkọ́kọ́ bàjẹ́ lóṣù mẹ́ta, èkejì lóṣù mẹ́rin. Ẹ̀kẹta dàgbà, ó sì wá sáyé ní òkú. Nígbà tí ẹ̀kẹrin dúró dé oṣù karùn-ún, wọ́n pinnu láti lọ sórí afárá.

Bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe é nìyí. Aboyún tí oyún kì í dúró fún á lọ jókòó sí àárín afárá, lábẹ́ àgbélébùú òkúta, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkọ rẹ̀ á dúró ní ìkángun kan, ọkùnrin kan nínú ẹbí á dúró ní ìkángun kejì, wọn á máa lé ajá àti ológbò, kí ẹranko kankan má ṣe ṣáájú ènìyàn. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá tẹ afárá lẹ́yìn agogo àárọ̀, ẹni yòówù kó jẹ́, òun ló máa fa omi láti inú odò, tó máa dà á sí ikùn aboyún, orúkọ rẹ̀ ni ọmọ á sì jẹ́. A kì í ránṣẹ́ pe ẹni náà. A kì í sì í kọ̀ ọ́, torí pé Ọlọ́run ló rán an. Fádà kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sétí, ṣùgbọ́n Fádà kan náà ti di baba ìsàmì ọmọ mẹ́rin bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun náà máa ń tètè jí.

Ọjọ́ Ajé ni Amaro yàn, torí pé ààrò kì í jó ní alẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé lè kọjá àfi ẹnìkan. Ohun tí ó gbàgbé ni pé àgbà kan ti kú lábúlé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ọmọ olóòkú sì ti ní kí Otilia ṣe búrẹ́dì ìsìnkú.

Agogo àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ nígbà tí Amaro gbọ́ ìró bàtà onígi lórí òkúta.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni o. Ta ló tún lè jẹ́? Àbí wọ́n ti fi ọ́ ṣe oníbodè ni?" Otilia ń rẹ́rìn-ín bọ̀, apẹ̀rẹ̀ ńlá lórí rẹ̀.

"Tília! Dúró. Dúró síbẹ̀!"

Ó ti rin ìgbésẹ̀ méje. Ó rí Delmira lábẹ́ àgbélébùú, aṣọ onírun àgùntàn lórí èjìká rẹ̀, ìkòkò àti okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun gbogbo sì yé e. Ká sọ òtítọ́, ayọ̀ ló kọ́kọ́ mú un. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé ó gbàgbé ẹrù orí rẹ̀.

"Ṣé èmi ni?" ó béèrè. "Ṣé èmi ni àkọ́kọ́?"

"Kì í ṣe ìwọ," ni Amaro wí. "Padà sẹ́yìn."

"Amaro, a kì í dá ẹni àkọ́kọ́ padà."

"Ọmọ mẹ́ta ni mo ti pàdánù, Tília. Mi ò ní gbé ẹ̀kẹrin lé ọ lọ́wọ́. O mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọwọ́ rẹ."

"Mo mọ̀. Ìwọ náà ń sọ ọ́."

"Mo ń sọ ọ́. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí n tì ọ́."

Otilia wo àárín afárá, níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sí. "Delmira?"

Delmira tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Otilia ṣe yí padà. Ṣùgbọ́n olóòkú gbọ́dọ̀ jẹun, búrẹ́dì sì gbọ́dọ̀ kọjá, nítorí náà ó sọ̀ kalẹ̀ sétí omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn òkúta àtijọ́ tí àwọn darandaran ń lò. Yìnyín orí òkè ti ń yọ́, omi sì kún. Nígbà tí ó dé òkúta kẹrìnlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, búrẹ́dì mẹ́ta sì bá odò lọ. Àwọn tó wà lórí afárá rí i. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni kò sì pè é.

Kò pẹ́ tí Don Evaristo onílé ọlọ fi dé, ó gun ìbaaka rẹ̀. Ẹsẹ̀ ìbaaka ló kọ́kọ́ tẹ afárá, ká má parọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ka ìyẹn sí. Olówó ni, ọmọ méje ló bí, gbogbo wọn ló yè. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó da omi náà pẹ̀lú àánú, ó sì ní kí wọ́n wá gba àgùntàn kan tí ọmọ bá dé.

Ní oṣù Keje, ọmọ náà wá sáyé ní òkú.

Wọ́n sin ín sẹ́yìn ògiri itẹ́ òkú, níbi tí wọ́n máa ń sin àwọn tí kò gba ìsàmì sí, Amaro sì fi òkúta pẹlẹbẹ mẹ́ta lé e. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ nílé ọtí pé, "Otilia ti tẹ afárá ná. Ìgbésẹ̀ méje." Gbogbo wa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó sọ̀rọ̀ ìbaaka. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mọ́kànlá ló wà nílé ọtí lálẹ́ ọjọ́ náà, mo mọ̀ wọ́n lórúkọ.

Láti ìgbà náà, Otilia kò tẹ afárá mọ́ àfi bí ẹlòmíràn bá ti kọ́kọ́ kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Níwọ̀n bí oníbúrẹ́dì sì ti ń ṣáájú gbogbo ènìyàn jí, inú odò ni ọ̀nà rẹ̀. Tí omi bá bo àwọn òkúta mọ́lẹ̀, á dúró ní ẹsẹ̀ afárá, á máa retí kí ẹnìkan wá láti apá kejì. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ àárọ̀ wa a máa pẹ́, a sì máa ń kùn bí ẹni pé kì í ṣe àwa la fà á. Lẹ́ẹ̀kan tí òjò kò dá fún ọjọ́ méjì, Fádà fúnra rẹ̀ ló gbé agbòjò kọjá, tó ń pariwo pé, "Mo ti kọjá o! Otilia, dákun máa bọ̀, ebi fẹ́ lù wá pa!" Otilia rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ó sì tẹ̀lé e.

Láràárọ̀ ni ó ń na búrẹ́dì ńlá kan sí Delmira lójú fèrèsé.

"O jí?"

"Mo jí."

Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn, fún ọdún mọ́kàndínlógójì. Delmira kò lóyún mọ́. Otilia rò pé ó kórìíra òun nítorí ìgbésẹ̀ méje. Delmira rò pé ó kórìíra òun nítorí ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ní ọdún 1993, nígbà tí ọ̀nà Santiago tún kún fún ènìyàn, láàárín Lẹ́ńtì, ni Amaro kan ilẹ̀kùn ilé ààrò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Delmira ní kí o wá."

"Ta ló ní kí n wá?"

"Delmira. Kò lè pẹ́ mọ́. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Dókítà ìlú Lugo sọ pé kí n máa gbé e lọ sílé."

Otilia bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fọ ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, ènìyàn àádọ́ta ti gba orí afárá kọjá láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sínú odò, torí pé Amaro ló ń bá a rìn. Amaro gba òkè, òun gba ìsàlẹ̀. Tí òun bá dúró lórí òkúta, ọkùnrin náà á dúró lókè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jọ kọjá.

Delmira ti gbẹ lórí ibùsùn. Ó wo Otilia títí.

"O sanra," ó wí.

"Ìwọ lo rù."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dun Delmira níkùn, ó di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Nígbà tó fọkàn balẹ̀, ó ní, "Obìnrin ni."

"Kí ni?"

"Ọmọ yẹn. Amaro kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin ni. Irun pọ̀ lórí rẹ̀." Ó mí. "Amaro ní kí n máa pè é ní Evarista, torí ẹni tó da omi. Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ìwọ lo kọ́kọ́ tẹ afárá. Mo gbọ́ bàtà rẹ kí Amaro tó lanu, mo mọ ìrìn rẹ láti kékeré. Mo ní, Ọlọ́run o ṣeun, ẹni tèmi ló dé. Inú ni mo ti sọ ọ́, Tília. Ẹnu mi ni kò ṣí."

Otilia fa àga kan sún mọ́ ibùsùn, Delmira sì ń bá a lọ:

"Nígbà tí wọ́n ń wé e láṣọ, mo sọ orúkọ rẹ sí i létí. Otilia ló ń jẹ́. Ìwọ ni ìyá ìsàmì rẹ̀. Kò tíì jẹ òrùka rí."

Ìbínú ló kọ́kọ́ dé, kì í ṣe ẹkún. "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Láràárọ̀ ni mo ń dúró lójú fèrèsé rẹ, Delmira! Láràárọ̀!"

"Ojú ń tì mí."

"Ojú ń tì ọ́. Ọdún mọ́kàndínlógójì."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Delmira wí. Ó na ọwọ́ sórí aṣọ ìbora. Otilia wò ó fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó dì í mú. Nígbà tó dì í mú, Delmira ní, "Ṣé o rí i? Ọwọ́ rẹ gbóná."

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ló kú. Otilia ló ṣe búrẹ́dì ìsìnkú, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Àjíǹde fi máa dé, òrùka mẹ́sàn-án péré ni wọ́n ní kó ṣe, torí pé ọmọ ti tán lábúlé wa. Ó ṣe mẹ́wàá. Ẹ̀kẹwàá ni kò mọ bí yóò ṣe tóbi tó. Ó kọ́kọ́ ṣe é ní kékeré bí ti ọmọ ọwọ́, ó tún un pò. Ó ṣírò ọjọ́ orí ọmọ Delmira ká ní ó yè, obìnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì tí kò lọ́kọ, ó rí i pé òrùka ṣì tọ́ sí i. Níkẹyìn, ó yí i po ní ìwọ̀n tí ó ti pinnu láti ọjọ́ tí òun wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, èyí tí wọ́n lè kọ́ sí ọmọ lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ní àárọ̀ Àjíǹde, ó gbé apẹ̀rẹ̀ karí, kò sì sọ̀ kalẹ̀ sétí omi. Afárá ló kọrí sí. Agogo ti dákẹ́, ìkùukùu wà lórí odò, ó sì rí ẹnìkan tó jókòó lórí òkúta ní ẹsẹ̀ afárá, níbi tó ti dúró ní ọjọ́ Ajé yẹn gan-an.

"Ta nìyẹn?" Amaro béèrè.

"Èmi ni."

Arúgbó náà dìde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbé ara ró. Ìkánjú ò sí. Ó wo apẹ̀rẹ̀ náà, ó rí òrùka tó wà lókè pátápátá.

"Kò tíì sí ẹni tó kọjá láàárọ̀ yìí," ó wí. "Mo ti wà níbí láti ìgbà tí àkùkọ kọ. Ajá méjì ni mo ti lé."

Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Otilia kò dúpẹ́. Ó rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ láìfẹ́ kà á. Ní ìgbésẹ̀ keje, ó dúró. Ó fi ọwọ́ kan gbá apẹ̀rẹ̀ mú, ó gbé ìkẹjọ. Ó kọjá lábẹ́ àgbélébùú. Ó kọjá gbogbo afárá, ó yí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri títí ó fi rí òkúta pẹlẹbẹ mẹ́ta tí koríko ti bò. Ó fi ọwọ́ họ koríko náà kúrò, ó kúnlẹ̀, ó gbé òrùka náà lé òkúta àárín. Ó ṣì ń gbóná.

"Otilia," ó wí, ẹkún sì gbà á lẹ́nu, torí pé kò pe orúkọ yẹn fún ẹlòmíràn rí. "Ìyá ìsàmì rẹ ló dé. Má bínú sí mi. Mi ò mọ̀ pé ò ń dúró dè mí."

Ó sunkún títí oòrùn fi yọ sí orí ògiri. Lẹ́yìn náà, ó nu ojú rẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ karí, ó sì lọ pín mẹ́sàn-án tó kù, nítorí pé àwọn ọmọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, wọ́n ń retí.